Tòkunbọ̀ Tí Kò Tíì Rí Òkun Yẹn

Norcross, Georgia
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, 2024

Ṣìkẹ́mi àbúrò mi,

Báwo ni òtútù ọ̀dọ̀ yín? Wọ́n ní ooru ti dé Canada, ṣùgbọ́n mi ò gbà wọ́n gbọ́. Ṣé ara le? Ṣé ìka ọwọ́ rẹ tó wú nígbà yẹn ti lọ sílẹ̀?

Lẹ́tà ni mo kọ, nítorí orí fóònù, ìjà ni tèmi tìrẹ. Ọjọ́ Àìkú yẹn tí o pa fóònù mọ́ mi létí, mo ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ ni, àfi ìgbà tí Tiwa ọmọ mi ní, "Daddy, kò sí ẹnìkan níbẹ̀ mọ́." Nínú ìwé, o kò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, èmi náà kò sì lè pariwo.

Gbọ́ bó ṣe ń ṣe mí. Warehouse tí mo ti ń wa forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù, ti kó ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ náà ń wa ara rẹ̀, kì í lọ jẹun ọ̀sán, kì í ṣàìsàn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n ra kéèkì fún wa, wọ́n ní ká máa lọ. Èmi ni mo tún gé kéèkì náà fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn ìyẹn ni Péjú ìyàwó mi kó Tiwa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Marietta. Ó ní òun kò kọ̀ mí, pé òun fẹ́ sinmi ni. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èmi ni iṣẹ́ tó ń rẹ̀ ẹ́. Lease ilé yìí yóò parí níparí oṣù kẹwàá, mi ò sì rí bí mo ṣe fẹ́ tún un ṣe.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nọ́ọ̀sì ló ń jókòó lápá ọ̀tún mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ló wà lápá òsì. Bí wọ́n bá ní kí kálukú sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un níbi iṣẹ́, mo máa ń dìde lọ ilé ìtọ̀ ni. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Mo ti pààrọ̀ táyà, mo ti wa takisí, mo ti ṣọ́ ọgbà ọkọ̀. Bí ènìyàn bá pe orúkọ mi báyìí, mo máa ń rò pé ti ọjà ló ń wí, tòkunbọ̀, èyí tí ẹlòmíràn ti lò gbó kó tó dé ọwọ́ ẹni. Mo tún ka ohun tí mo kọ yìí, ó dà bí ìráhùn. Bó bá jẹ́ ìráhùn, fò ó.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni pé kí o bá mi wá àyè ní ilé iṣẹ́ ẹja yín. Ọmọ Ìlàjẹ ni wá. Kí n tó mọ ABD ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi ni Bàbá wa ti ojú òkun bọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo abúlé ti sunkún rẹ̀ tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Adétòkunbọ̀. Òkun yín kò lè ṣe àjèjì sí mi.

Má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó fèsì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Adétòkunbọ̀


Létí òkun, New Brunswick
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, 2024

Bùọ̀dá mi,

Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ kú ilé òfìfo. Ìka tí ẹ béèrè ti lọ sílẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e ló wú báyìí.

Ẹ má bínú ọ̀rọ̀ fóònù. Bátìrì ló kú. Rárá, mi ò ní purọ́ sínú ìwé, èmi ni mo pa á.

Mo ti bá James sọ̀rọ̀. Òun ni ọ̀gá tó ń bójú tó wa nílé iṣẹ́. Ó ní bí òun bá buwọ́ lu ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìjọba lè jẹ́ kí ẹ wọlé. Kò tíì buwọ́ lù ú o. Ó ní òun fẹ́ wo bí ọdún yìí yóò ṣe parí ná.

Kí ẹ lè mọ irú ibi tí ẹ ń béèrè: ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà lábúlé yìí, òkun lápá kan, ilé lápá kejì. Bí yìnyín bá ti yọ́ ni ọkọ̀ á wọ omi. Akàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó, lẹ́yìn náà alákàsà, edé ńlá tí èékánná rẹ̀ dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Àwa obìnrin á tò sídìí tábìlì irin, omi tútù á máa ṣàn lórí ọwọ́ wa, a ó máa fọ́ èékánná, a ó máa yọ ẹran. Nígbà ooru, àwọn àlejò á dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó tó ilé. Wọ́n á jẹ alákàsà, wọ́n á ya fọ́tò ilé iná etíkun, wọ́n á ra ọkọ̀ onígi kékeré fún ọmọ. Mo máa ń tún yàrá ṣe fún wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì lópin ọ̀sẹ̀. Ọkùnrin tó kó alákàsà wá sébùúté láàárọ̀, òun náà ló ń ta ice cream fún wọn lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, ó parí. Òtútù á dé, ìlú á ti ilẹ̀kùn, a ó máa jẹ owó ìrànwọ́ ìjọba títí yìnyín á tún fi yọ́. Ẹni tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé kò ní rí ìrànwọ́ yẹn gbà. Nítorí náà, gbogbo ìlú ló ń ṣọ́ wákàtí. Bí ti aládùúgbò rẹ bá ń dín, o mọ̀, òun náà sì mọ̀ pé o mọ̀.

Faransé ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti Paris. Bí ará Paris bá wá, á máa rẹ́rìn-ín sí ẹnu wọn. Ó máa ń rán mi létí ará Èkó tó bá gbọ́ Ìlàjẹ lẹ́nu wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta nǹkan kan. Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò yín,
Ṣìkẹ́mi


Norcross
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, 2024

Ṣìkẹ́mi,

Ọlọ́run á dá ọ lóhùn bí o ṣe dá mi lóhùn. Ìdí àpótí lẹ́tà ni mo ti ka tìrẹ lórí ìdúró, mo tún kà á nínú ọkọ̀. "Ìjọba lè jẹ́ kí ẹ wọlé." Mo fi bírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́, mo ti sọ. Nígbà ìjẹ́rìí ní Sunday tó kọjá, ẹsẹ̀ ló gbé mi dìde, èmi kọ́. Mo ní Ọlọ́run ti ṣílẹ̀kùn Canada. Wọ́n ní Halelúyà. Pásítọ̀ béèrè irú iṣẹ́ wo, mo ní "fisheries." Irọ́ kò sí níbẹ̀. Àfi Déolú, dókítà eyín kan nínú ìjọ wa, tó yíjú padà, tó ní, "Management?" Mo sì mi orí. Nígbà tí mo ń mì í, mo rò pé rárá ni mo ń sọ. Orí mi ló ṣìnà.

Péjú ti gbọ́ kí n tó dénú ọkọ̀. Ó pè mí. Ó ní, "Bàbá Tiwa, mánéjà ẹja. Ẹ kú oríire."

Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní, "Ṣé edé lẹ fẹ́ lọ máa bó? Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mi bó ẹ̀gúsí rí."

Mo ní kì í ṣe edé, alákàsà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́, èyí tí mi ò tíì gbọ́ láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ bá a rín in, ló bá ní, "Bí ẹ bá ti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ẹ jẹ́ kí Tiwa mọ̀." Ó pa fóònù. Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí, ta ló kọ́ yín ní fóònù pípa?

Èyí tó kù rèé. Mo ti sọ fún office ilé wa pé mi ò ní tún lease ṣe. Má pariwo. Mo mọ ara mi ni. Bí mo bá ṣì ní ilé níbí, mi ò ní lọ. Ẹni tó níbi tí yóò padà sí kì í sáré.

Bá mi sọ fún James pé n kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Sọ fún un pé mo ti mọ òórùn ẹja.

Tòkunbọ̀


Létí òkun
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, 2024

Bùọ̀dá mi,

Ẹ kú ìrètí. Ẹ kú ooru Atlanta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí èyí tó tẹ̀lé e kò pani lẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan sọ nídìí tábìlì pé àwọn àjèjì ń jẹ wákàtí mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́. Kò wo ojú mi, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni àjèjì tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lára mi nígbà tí mo gbọ́ ariwo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo yọjú lójú fèrèsé. Gbogbo abúlé ló jáde. Wọ́n ń lu ìkòkò, wọ́n ń lu agolo, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n fi ọ̀dà kun ojú, ọ̀nà ilé mi ni wọ́n sì ń tọ̀ bọ̀. Bùọ̀dá, ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń lu agolo tẹ̀lé nílé wa. Olè ni. Olè tí wọ́n ń lé kúrò nílùú. Mo ní, ó ti dé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pa iná, mo kó sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn, ó ń pe orúkọ mi. Yvette ni, ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó kàn án títí ọwọ́ fi ro ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá ìdérí ìkòkò kan àti ṣíbí onígi lẹ́nu ọ̀nà. Tèmi ni ó mú wá, kí n lè bá wọn lù ú. Ọdún wọn ni! Láyé àtijọ́, sójà Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn babańlá wọn sínú ọkọ̀, wọ́n fọ́n wọn káàkiri ayé. Àwọn tó padà ló bí àwọn wọ̀nyí. Lọ́dọọdún wọ́n ń pariwo kí gbogbo ayé lè gbọ́ pé àwọn ṣì wà.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ olè fún Yvette, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá béèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, mo ní Georgia. Ó ní, "Georgia? Wọ́n kó àwọn tiwa kan dé Georgia. Wọ́n wá ọkọ̀ kékeré, wọ́n ń tọ etí òkun bọ̀ wálé." Mo ní ṣé wọ́n dé. Ó ní díẹ̀ ló dé.

Èyí tó kàn: wọ́n ti ta ilé iṣẹ́ wa fún ilé iṣẹ́ kan tó tóbi jù ú lọ. A ń gbọ́ pé ìlú ńlá ni wọn yóò ti máa ṣe gbogbo alákàsà. Wọ́n ní ìpàdé ń bọ̀. James kò tíì buwọ́ lu ìwé yín, ojú rẹ̀ sì ń sá fún tèmi. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ padà lọ bá àwọn office ilé yẹn. Ẹ ní ẹ ti yí ọkàn padà.

Ṣìkẹ́mi


Norcross
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án, 2024

Àbúrò mi,

Kú ewu agolo. Mo rẹ́rìn-ín, àyà mi sì já.

Ṣùgbọ́n ṣé ìwọ fúnra rẹ rí ohun tí o kọ? Georgia. Nínú gbogbo ibi tó wà láyé, Georgia ni ìyá yẹn pè. Àwọn ènìyàn jókòó níbí, níbi tí mo wà yìí, kò sí iṣẹ́, kò sí ìbátan, wọ́n wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n forí lé ọ̀dọ̀ yín. Mo ka ibẹ̀ fún Pásítọ̀. Ó ní àmì ni. Bóyá kò sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ní "Hmm." Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́, ó wúwo.

Mo lọ bá àwọn office bí o ṣe ní. Wọ́n ti fi ilé fún ẹlòmíràn. Mo bẹ obìnrin náà, ó fún mi ní súwìtì láti inú abọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà mo ti ta àga, mo ti ta tábìlì, ẹnìkan láti Morrow wá gbé tẹlifíṣọ̀n. Ó ku mátírẹ́ẹ̀sì, ìkòkò kan àti ìdérí rẹ̀. Mo ti ra bàtà rọ́bà tó dé orúnkún. Mo ń wọ̀ ọ́ rìn nínú pálọ̀ kí ẹsẹ̀ mi lè mọ̀ ọ́n. Ooru pọ̀ níbí, Ṣìkẹ́mi, òógùn ń ṣàn sínú rẹ̀, èmi náà ń rò pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni òkun yín ṣe ń rí lẹ́sẹ̀.

Kí ni wọ́n sọ nípàdé? Jẹ́ kí n gbọ́.

Tòkunbọ̀


Norcross
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, 2024

Ṣìkẹ́mi,

O kò fèsì. Mo pè ọ́, obìnrin kan ló ń sọ Faransé nínú fóònù rẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá kó pè ọ́ fún mi. Ẹ̀rọ ni, mo mọ̀, mo ṣáà bẹ̀ ẹ́.

Ó ti sú mi kí n máa rò ó. Mo ní bóyá o ṣàìsàn. Mo ní bóyá ojú ń tì ọ́ pé èmi lẹ̀gbọ́n rẹ, kí àwọn ènìyàn má bàa rí mi pẹ̀lú ìwé mẹ́wàá mi nídìí tábìlì irin. Bó bá jẹ́ èyí, sọ ọ́. Mo lè sọ pé n kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ, kí n ní ará abúlé kan náà ni wá.

Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá gbà pé wíwá ni kí n wá. Màá wa ọkọ̀ mi gba etí òkun lọ títí.

Èmi ni


Létí òkun
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá, 2024

Bùọ̀dá mi, ẹ̀gbọ́n tó gbé mi pọ̀n,

Ẹ dárí jì mí. Mo ti kọ lẹ́tà yìí rí, mo ya á. Mo tún kọ ọ́, mo fi dáná. Báwo ni àbúrò ṣe ń sọ fún ẹ̀gbọ́n pé má bọ̀? Ọjọ́ tí òkun wọlé tọ̀ wá ní Ìlàjẹ, tó gbé ilé Bàbá lọ, omi dé ibàdí yín, ẹ gbé mi sí èjìká. Ẹ kò bi mí bóyá àyè wà lórí èjìká yín.

Bùọ̀dá, ẹ má bọ̀.

Wọ́n ṣe ìpàdé náà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa. Ẹni tí wọ́n bí sídìí tábìlì yẹn wà níbẹ̀, ó ń sunkún. Obìnrin tó ní mo ń jẹ wákàtí àwọn onílé dì mọ́ mi, nítorí tèmi tirẹ̀, wákàtí wa kò pé. James fúnra rẹ̀ ti lọ wá iṣẹ́ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Kò buwọ́ lu ìwé kankan. Wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn àlejò ti lọ, àwọn ẹyẹ òkun ló ń rìn ní ibi tí wọ́n máa ń páàkì sí. Èmi náà ń lọ Moncton lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá màá rí iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà. Bí ẹ bá dé ibí, ilẹ̀kùn títì lẹ máa bá, Yvette nìkan ló sì máa dá yín lóhùn, ní Faransé.

N kò tijú yín. Ara mi ni mo ń tijú, torí pé èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ìjọba lè jẹ́ kí ẹ wọlé. Ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí, ẹ kò fa ìlà sábẹ́ "kò tíì buwọ́ lù ú." Ẹ ka Georgia, ẹ kò ka "díẹ̀ ló dé."

Ẹ lọ sí Marietta. Ẹ má lọ bíi mánéjà. Péjú kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ẹ jẹ́ kó rí yín bí ẹ ṣe rí.

Ṣìkẹ́mi yín


Marietta
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, 2024

Ṣìkẹ́mi,

Adirẹ́sì Yvette ni mo kọ sára àpò ìwé yìí, ó mọ ibi tí yóò rí ọ.

Lẹ́tà rẹ bá mi. Ọpẹ́ ni fún èyí. Òní ni mo dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà. Obìnrin office náà ní, "Ẹ kú oríire Canada o." Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un, àfi bó bá jẹ́ èmi.

Mo ti ń bínú sí ọ láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Mo bínú títí mo fi dé ibi "èjìká" lẹ́ẹ̀kejì, ìbínú náà bá dà nù. Òótọ́ ni, díẹ̀ ló dé, mo rí i, mo fò ó.

Mo wà nínú ọkọ̀, níwájú apartment ẹ̀gbọ́n Péjú. Ó pẹ́ tí mo ti dé. Àwọn ọmọdé ń kọjá nínú aṣọ egungun àti ti àǹjọ̀nú, ọjọ́ tí wọ́n ń tọrọ súwìtì ni. Gbogbo ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣí. Èmi jókòó, ìdérí ìkòkò mi wà lórí itan mi. Mo mú un láti lù ú ni, ká má parọ́. Mo rò pé màá dúró lábẹ́ fèrèsé, màá lu ìdérí, kí Péjú lè mọ̀ pé mo ṣì wà. Ṣùgbọ́n mo rántí ìwọ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ pé o ṣì wà, olè ló ń gbọ́. N kò ní lù ú. Màá kan ilẹ̀kùn, màá pe orúkọ mi.

Jẹ́ kí n lọ.

Mo ti padà sínú ọkọ̀, mo kàn wá mú nǹkan ni. Tiwa ló ṣílẹ̀kùn, ó gbé abọ́ súwìtì dání, ó ti mú ọ̀kan jáde kó tó rí i pé èmi ni. Ó ní, "Daddy? Mummy ní o ti lọ Canada."

Péjú pariwo láti inú ilé, "Ta nìyẹn?"

Tiwa ní, "Daddy ni. Ó ti Canada bọ̀."

Péjú jáde, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró níbẹ̀: pé n kò lọ ibì kankan, pé wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ ẹja pa, pé n kò ní ilé mọ́, pé n kì í ṣe mánéjà nǹkan kan, pé n kò tíì fi ojú mi rí òkun yẹn. Ọmọ kan tó wọ ìyẹ́ áńgẹ́lì wá tọrọ súwìtì láàárín ọ̀rọ̀ mi, Tiwa fún un. Péjú ń wo ìdérí tí mo há sábíyá.

Ó ní, "Ìkòkò rẹ̀ dà?"

Mo ní ó wà nínú ọkọ̀.

Ó ní, "Ilé ẹ̀gbọ́n mi nìyí, mi ò lè ṣèlérí ibi tí ẹ máa sùn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ gbé ìkòkò yẹn wá. Ti ibí kéré, n kò tíì se oúnjẹ."

Ìkòkò náà wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Tòkunbọ̀